Gató Fanta Tí Mò Ń Yan Nínú Ìkòkò

Nígbà èwe mi, nílé wa ní Attakè, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀ẹ̀mejì péré la máa ń rí Fanta lọ́dún: ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ àti ọjọ́ Iléyá. Ìgò kan, ọmọ mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ń dà á. Á fi ìka rẹ̀ wọn ara ife kọ̀ọ̀kan, àwa náà á ranjú mọ́ ìka yẹn. Èmi kì í mu tèmi. Búrẹ́dì ni mo máa ń tẹ̀ bọ inú ife, títí yóò fi fa Fanta náà mu, tó rọ̀ jọ̀jọ̀, tó tutù, tó sì ń ta ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Adùn yẹn ni mò ń wá kiri nínú gató (kéèkì) yìí.

Ẹ má da Fanta látinú ìgò sínú ìyẹ̀fun. Èmi ti ṣe é rí. Odidi ìgò ni mo dà sí i. Gató wú bí gèlè ìyàwó, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo ṣí ìdérí, àárín rẹ̀ jìn wọlé, abẹ́ rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tí kò jiná. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò ní ìtọ́wò Fanta kankan. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi (aránṣọ ni mí) ní, “Màmá, ó dùn o,” ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn.

Omi ló pọ̀ jù nínú ìgò yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú rẹ̀ kò sì dúró de iná: bí ẹ ṣe ń rò ó pọ̀ ló ń sá lọ. Levure (baking powder), ìyẹ̀fun tí ń mú kéèkì wú, ló ń gbé gató dìde. Nítorí náà, ńṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ se Fanta náà kó gbẹ.

Ẹ ra ìgò 60 sẹ̀ntílítà. Kí ẹ tó dá iná, ẹ wọn omi 10 sẹ̀ntílítà sínú ìkòkò kékeré, ẹ ki ọwọ̀ ìgbálẹ̀ tuntun kan bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tó tutù dé. Òṣùwọ̀n yín nìyẹn. Ẹ da omi nù, ẹ da Fanta 30 sẹ̀ntílítà sí i, kó máa hó lórí iná díẹ̀ láìdé e. Ẹ máa fi ọwọ̀ yẹn wò ó. Bí Fanta bá ti bá orí rẹ̀ dọ́gba, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fà bí oyin. Tó bá fà, ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

Òórùn ọsàn máa ń bá oru lọ. Mo máa ń ra ọsàn kan ní ọjà Wàńdò, màá họ èèpo rẹ̀ sí i, màá fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè kan díẹ̀.

Ó ku ìyẹ̀fun àlìkámà 250 gíráàmù, bọ́tà 125, ṣúgà 120 (ẹ má fi kún un, Fanta ti ní tirẹ̀), ẹyin mẹ́ta, levure 11 gíráàmù, iyọ̀ fínńfín. Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi funfun, ẹ fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun tí ẹ ti pò mọ́ levure àti iyọ̀, àti Fanta tí ẹ sè. Ní ìkẹyìn, ẹ da Fanta tútù 5 sẹ̀ntílítà sí i, ẹ má rò ó púpọ̀.

Bí kò bá sí Fanta ńkọ́? Fanta fúnra rẹ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ní Jámánì ni, ní 1940, ogun kò jẹ́ kí èròjà Coca-Cola dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, ni wọ́n bá lo omi ara wàràkàṣì àti ìyókù àpù tí wọ́n ti fún. Olómi ọsàn tí a mọ̀ yìí, Ítálì ló ti jáde ní 1955. Nítorí náà, ẹ lo Sprite, kí ẹ fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ dípò ti ọsàn. Mo fi Coca-Cola dán an wò. Dúdú lásán ló dú.

Èmi ò ní fúrù, ààrò tí wọ́n fi ń yan gató. Mo da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, ó ga tó ìka mẹ́ta, mo gbé e ka èédú fún ìṣẹ́jú 15. Mo gbé agolo gató lé òkúta mẹ́ta lórí iyanrìn, mo dé e, mo kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ìdérí. Ẹ má ṣí i kí ìṣẹ́jú 35 tó pé, ẹnikẹ́ni tó wù kó máa bẹ̀ yín. Ó sábà máa ń jiná ní ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó ní fúrù, kó fi sí ìwọ̀n ooru 180°C, kó wò ó ní ìṣẹ́jú 40.

Bó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ gún un káàkiri, ẹ fi ṣíbí rọra da Fanta tútù bíi ṣíbí mẹ́jọ lé e. Ẹ jẹ́ kó fà á mu. Ibi tí búrẹ́dì ìgbà èwe mi ti padà wọlé nìyẹn.

Ó máa ń dùn jù lọ́jọ́ kejì. Kò sí fìríìjì ní ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà mo máa ń gbé àwo gató sí àárín abọ́ omi, kí èèrà má bàa ṣáájú àwọn ọmọ mi.