Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Kọ́ Àwọn Ọmọ Yunifásítì ní Mathematical Modelling

Kọ́ọ̀sì mathematical modelling, ìyẹn fífi ìdọ́gba ìṣirò ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, ti àwọn ọmọ 300 level ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Àwa tá a kọ́ ọ nígbà tiwa mọ bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á kọ differential equation, ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà, sójú pátákó, á yanjú rẹ̀ dópin, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ó tún di ìgbà ìdánwò kó tó ṣí ìwé yẹn. Ẹni tó bá ti ka past question dáadáa ti gba B kó tó wọ gbọ̀ngàn. Àmọ́ bi í pé kí ló dé tí ìdọ́gba yẹn fi rí bẹ́ẹ̀, á máa wò ọ́ bọ̀ọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọmọ mú ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó sọ ọ́ di ìdọ́gba, kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe wàhálà ìṣirò, kó fi èsì wé àkọsílẹ̀, kó wá bá ìdọ́gba ara rẹ̀ jà. HOD wa gbà kí n fi 40 nínú 100 sórí iṣẹ́ àkànṣe. Ìdánwò ló ni 60 tó kù. Mo pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo sì rí i pé ó kéré tán ẹnì kan ní laptop nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù lo fóònù, torí Google Colab ṣeé ṣí lórí fóònù, èèyàn á sì kọ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ láìfi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, bí dátà bá ṣáà ti wà. Ti iná, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lóru ti mọ hostel tí wọ́n ti ń tan jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n ti orí Python bẹ̀rẹ̀ tààrà. Mi ò gbà. Ẹni tí kò tíì fojú rí i bí àná ṣe ń bí òní, ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, bó o bá kó solve_ivp, irinṣẹ́ Python tó ń yanjú ìdọ́gba fúnra rẹ̀, fún un, àdììtú lo fi rọ́pò àdììtú. Excel la fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́, iye èèyàn Nàìjíríà ni. Mo kọ ìkànìyàn mẹ́ta sójú pátákó: 55,670,055 ní 1963, 88,992,220 ní 1991, 140,431,790 ní 2006. Ti 1973 ò sí níbẹ̀ torí ìjọba fagi lé e. Ìdọ́gba tí wọ́n lò rọrùn: bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni àlékún ọdọọdún ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n wá àlékún láàárín 1963 sí 1991, ó jẹ́ bíi 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Wọ́n wá a láàárín 1991 sí 2006, ó di 3.0. Kíláàsì bá dàrú. Ṣé àwọn ìyàwó ilé wa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ ní ìlọ́po méjì lẹ́yìn 1991 ni? Ẹnì kan ní fọ́múlà tí òun tẹ̀ sínú Excel ni kò dáa. Òmíràn ní wọ́n bù mọ́ ti 1963. Ẹnì kẹta ní wọ́n fo ọ̀pọ̀ ilé ní 1991. Mi ò dá ẹjọ́ kankan. Mo ní kí wọ́n mú 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n máa padà sẹ́yìn láti 2006, kí wọ́n wo ibi tí wọ́n máa já sí. 1991 gòkè sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 95, 1963 sì wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù 46. Kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni purọ́, àmọ́ ó fi hàn wọ́n pé ìdọ́gba lè bi àkọsílẹ̀ ní ìbéèrè. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ lo ìdọ́gba tí Verhulst, ará Belgium, gbé jáde ní 1838, èyí tó ní ibi tí iye èèyàn ò ti ní lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń bí fún wọn ṣáá, torí ìdọ́gba yẹn ń retí kí àlékún máa rẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ tiwa sì ń gòkè.

Iṣẹ́ kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1978, flu wọ boarding school àwọn ọmọkùnrin kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 763 ló wà níbẹ̀. British Medical Journal, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, tẹ iye àwọn tó wà lórí ibùsùn lójoojúmọ́ jáde, láti 22 oṣù kìíní títí di 4 oṣù kejì, nígbà tó sì pọ̀ jù lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Àkọsílẹ̀ yìí kéré, ó mọ́, ibi tí gbogbo wọn wà sì há mọ́ ojú kan. Mi ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ìdọ́gba tí a lò jẹ́ ti Kermack àti McKendrick, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1927. Ó pín èèyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: S ni àwọn tí àrùn ò tíì mú, I ni àwọn tí àrùn wà lára wọn, R ni àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń darí gbogbo rẹ̀. β ń sọ bí àrùn ṣe ń ràn tó lóòjọ́, γ ń sọ bí ara ṣe ń yá kíákíá tó. A fi 1.66 sí β, a fi 0.44 sí γ, a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 1 tó ń ṣàìsàn àti 762 tí ara wọn dá.

Ìlà kejì nínú Excel: àwọn tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jẹ́ 1.66 × 762 × 1 ÷ 763, ìyẹn 1.658. Àwọn tí ara wọn yá, 0.44. Nítorí náà, I di 2.218. Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ méjì àti àbọ̀ ara ṣe ń dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀, a máa padà sí i.

Wọ́n fa ìlà náà lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló ga jù, bíi ọmọ 365 lórí àìsàn. Bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà, 300 péré. Wọ́n kọ́kọ́ gbéjà ko β, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀, bó ṣe ń bá ọjọ́ mu ni kì í bá iye mu. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Ẹgbẹ́ tó jókòó sítòsí fèrèsé ló kọ́kọ́ béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ kan gbáko là ń fò lẹ́ẹ̀kan. Nínú Excel wa, ẹni tí àrùn mú láàárọ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ kejì! Wọ́n gé ìṣísẹ̀ kúrú sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́, wọ́n dá β padà sí 1.66, òkè náà sún wá sí àárín ọjọ́ kẹfà sí ìkeje, ó sì wálẹ̀ sí ìtòsí 300. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan Python. Kò sẹ́ni tó tún bi mí pé kí ni solve_ivp ń ṣe nínú.

Inú wọn dùn, gíráàfù bá àkọsílẹ̀ mu, wọ́n fẹ́ máa lọ sílé. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi iye ọmọ tí àrùn náà máa mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà ní bíi 744. Mo wá fi ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn yẹn hàn wọ́n: 512 ló dùbúlẹ̀. Ọmọ tó lé ní igba ti dàwátì.

Ohun tí wọ́n kọ lórí 512 yìí ni mo fi máàkì tó pọ̀ jù sí. Ẹgbẹ́ kan ní àwọn kan ti ní agbára àrùn náà lára tẹ́lẹ̀, nítorí náà S ò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti 762. Ẹgbẹ́ kan ní àrùn mú àwọn kan tí kò gbé wọn dè. Èyí tó wù mí jù ni ti àwọn tó ní ẹni tó wà lórí ibùsùn kọ́ ló ń ran èèyàn. Kó tó dùbúlẹ̀ ló ti ràn wọ́n nínú kíláàsì àti níbi oúnjẹ, àwa ló wá ń fi iye àwọn tó dùbúlẹ̀ wé I. Wọ́n fi àyè kẹrin kún ìdọ́gba, wọ́n pè é ní B, I ń wọ B, B ń wọ R. Ìròyìn wọn kún fún àṣìkọ, gíráàfù wọn ò lórúkọ lẹ́sẹ̀, mo ṣì fún wọn ní 36 nínú 40.

Ọmọ méjì àti àbọ̀ ara ńkọ́? Mo fún wọn ní kóòdù kékeré kan tó ń ta kèké fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí iye ọmọ fi máa ń jẹ́ odidi. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àrùn tàn. Wọ́n tún un ṣe, àrùn kú mọ́ ọmọ àkọ́kọ́ lára. Nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, ó kú kó tó tàn káàkiri ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí tó sún mọ́ γ ÷ β. Ibẹ̀ la ti dé orí Ebola tó wọ Èkó ní 20 oṣù keje ọdún 2014. Èèyàn 20 ló mú, 8 kú, wọ́n sì ṣọ́ 894 tó bá wọn pàdé, títí WHO fi kéde ní 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tó bá jẹ́ èèyàn 20 péré, ìdọ́gba tó ń fọ́ èèyàn sí wẹ́wẹ́ ò lè sọ púpọ̀ fún ọ. Kèké ló máa sọ ọ́.

Máàkì ńkọ́? Bí mo bá gba ìwé nìkan, ẹnì kan á ṣe é, mẹ́ta á fọwọ́ sí i. Nítorí náà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá síwájú mi, mo tọ́ka sí ẹni tó wù mí, mo ní, "Dín γ kù sí ìdajì. Kó o tó tẹ run, sọ ibi tí òkè yẹn máa lọ fún mi." Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ náà á ti máa fọwọ́ júwe rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ AI bá kọ kóòdù fún á máa wá ibi tí γ wà. Ó ń gba àkókò o. Bí kíláàsì bá tóbi, wá olùrànlọ́wọ́.

Ní sáà tó ń bọ̀, kọ́lẹ́rà ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe, torí NCDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, ń gbé ìròyìn jáde lórí rẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á sì gba àyè nínú ìdọ́gba. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn nọ́ńbà náà sínú Excel.