504 Bàbá Kò Sítáàtì Lẹ́yìn Òjò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Gbogbo ìparí ọdún l'Ékìtì ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ á dé láti Èkó fún Kérésì, wọ́n á ká tapólì kúrò lórí Peugeot 504 tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, kò ní dáhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti ní kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnì mìíràn. Ẹ́ńjìnì kì í sábà bàjẹ́ lórí ìdúró. Epo, iná àti ìpẹtà ni kí ẹ wá lọ.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ dún.

Bátìrì ni. Ẹ wọ̀n ọ́n: 12.6 fóòtì ló kún. Bó bá ti wà lábẹ́ 12.2, ẹ gbé e lọ ṣáàjì. Èyí tó ti kú láti oṣù mẹ́fà kì í sábà gba iná mọ́, ẹ yáa ra òmíràn.

Bátìrì tuntun ni o. Ó kàn ń dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun funfun tó hù sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bí kò bá tíì yí, ẹ wo wáyà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ bọ́dì, nítorí ìpẹtà máa ń jẹ ẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀tì níbi tí ojú kò tó. Ẹ fi wáyà jọ́ńpù so orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mọ́ irin ẹ́ńjìnì tààrà. Bí kíkísítátà, ìyẹn ohun tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè gbéra, bá yí báyìí, wáyà yẹn lọ̀daràn.

Ṣé a ò kúkú lè tì í sọ̀kalẹ̀ kó gbéra?

Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè? Mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ búrèèkì rẹ̀ wò láti oṣù kẹrin? Bí ẹsẹ̀ bá rì dé ilẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbàgbé sítáàtì ná. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni kí ẹ ti tì í, ní jíà kejì.

Kíkísítátà ń yí dáadáa, ẹ́ńjìnì ni kò mú.

Ẹ fa ṣóòkì, ohun tó ń jẹ́ kí epo pọ̀ sí i fún ẹ́ńjìnì tó tutù, nítorí òwúrọ̀ ọyẹ́ ni. Bí kò bá mú síbẹ̀, ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, ẹ fi í sẹ́nu wáyà rẹ̀ padà, ẹ gbé irin ara rẹ̀ lé ẹ́ńjìnì, jìnnà sí ihò tí ẹ ti tú u, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Iná búlúù tó ń ta ṣáṣá dára. Bí iná kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ tọ gbogbo wáyà wò, torí eku fẹ́ràn abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà òjò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí orí dìsìtíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ. Ọ̀rinrin máa ń bo ojú kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì inú rẹ̀ tó ń pàdé tó sì ń ṣí, á dà bí ẹni pé ó mọ́, bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná ha á díẹ̀, ẹ fi pépà gbígbẹ nù ún, kí ẹ wá fi géèjì wọn àlàfo rẹ̀: 0.4 mm, nígbà tí ó bá ṣí tán. Ẹ pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́ńsà pẹ̀lú, agolo kékeré tí wáyà rẹ̀ so mọ́ kọ́ńtáàtì.

Iná wà. Wọ́n ti fọ kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kú, ó sì kọ̀ pátápátá.

Èyí ni baba wọn. Àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn èèyàn ni pé orí kábúrétọ̀ ni wọ́n ń pàdé ìdọ̀tí, wọ́n wá gbà pé ibẹ̀ ló ti ń wá. Lóòótọ́, epo tó bá gbẹ sínú rẹ̀ máa ń di nǹkan tó lẹ̀ bí oje igi, á sì dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lónìí tó tún dí lọ́la, táńkì ni kí ẹ lọ bá.

Táńkì tí epo kò kún máa ń mí. Atẹ́gùn ọ̀rinrin ìgbà òjò á wọlé, á di omi lára irin lóru, omi náà á sì ṣàn sísàlẹ̀ nítorí pé ó wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni páìpù ti ń fa epo. Irin á dípẹtà, ìpẹtà á sì máa tẹ̀ lé epo díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ rèé. Ẹ tú rọ́bà tó ń bọ̀ láti táńkì kúrò lẹ́nu fúẹ̀lì pọ́ǹpù, ẹ dí i, kí ẹ wá fi rọ́bà tuntun so pọ́ǹpù mọ́ kẹ́ẹ̀gì epo tó mọ́, lítà méjì tó, kí kẹ́ẹ̀gì dúró sílẹ̀ níta, jìnnà sí iná àti sí ẹ́ńjìnì. Bí mọ́tò bá ṣiṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú láìkú, kò sí ohun tó ṣe kábúrétọ̀. Ẹ gba epo táńkì díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan: bó bá jẹ́ táńkì, ẹ ó rí omi nísàlẹ̀, ìpẹtà pupa á sì jókòó sínú rẹ̀. Bí epo bá mọ́, ẹ wo rọ́bà àtijọ́ náà. Èyí tó bá ti sán kì í jo epo síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé, pọ́ǹpù á wá máa mu òfìfo.

Bó bá jẹ́ táńkì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ da epo rẹ̀ nù, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kún ọwọ́ méjì àti omi ọṣẹ sínú rẹ̀, ẹ mì í dáadáa, ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́. Oòrùn ọjọ́ méjì. Ẹ wá fi fílítà tuntun sí i. Bó bá ti lu, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ojú títì: táńkì tó dà bíi pé ó ṣófo ṣì ní gáàsì epo nínú, ó lè bú gbàù. Ẹ wá táńkì mìíràn.

Mẹkáníìkì ní òun á máa da epo sí kábúrétọ̀ láti inú ìgò, kí n máa yí kọ́kọ́rọ́.

Rárá. Bí iná bá sán padà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìgò wà.

Ẹ́ńjìnì kò yí rárá, bátìrì sì dára.

Ẹ ṣíwọ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da òróró ẹ́ńjìnì ṣíbí kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi mọ́tò sí jíà kẹrin, ẹ tì í síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá tú, ẹ fi kíkísítátà yí i kí òróró tó pọ̀ jù fò jáde kí ẹ tó dá pọ́lọ́ọ̀gì padà. Bí kò bá tú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí òróró inú ẹ́ńjìnì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, ẹ má fipá ṣe é. Ẹ wá àgbà mẹkáníìkì tó ti tú 504 palẹ̀ rí, kì í ṣe ọmọ tó ń wá ibi tó máa ki kọ̀ǹpútà bọ̀ lára rẹ̀.