Ìrírí Mi Lórí Ètò Ìgbéyàwó Kọ́ọ̀tù Láàrin Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni àbúrò mi obìnrin, Mùsùlùmí ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Ìbàdàn sì ni ìdílé méjèèjì ń gbé. Nígbà tí wọ́n pinnu pé àwọn yóò fẹ́ ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, bàbá wa fi ètò náà lé mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí. Mo ń kọ èyí fún àwọn tí irú ọ̀rọ̀ yìí yóò kàn, nítorí ẹbí tí ẹ̀sìn méjèèjì ti pàdé wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ohun tí òfin ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Abala 10 rẹ̀ kò gba ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ láyè láti sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba, abala 38 sì fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú. Ìwé òfin kan náà fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ti Ìsìláàmù àti ti àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀nà ṣe di mẹ́ta nìyẹn: ìdána, yìgì, àti ti kọ́ọ̀tù tí òfin ìgbéyàwó ọdún 1914 (Marriage Act) ń darí. Ti kọ́ọ̀tù kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni, òun la sì fẹnu kò sí.

Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, mo pe àfẹ́sọ́nà náà jókòó. Ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á láyè láti fẹ́ tó ìyàwó mẹ́rin bí ó bá lè ṣe dọ́gba láàrin wọn, ṣùgbọ́n òfin 1914 kò mọ̀ ju ọkọ kan, aya kan lọ. Ẹni tó bá ti ṣe ti kọ́ọ̀tù, tó tún wá fẹ́ ìyàwó mìíràn lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ìgbéyàwó kejì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 5 gbára. Agbẹjọ́rò tí a lọ bá kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe rò pé yìgì yóò yọ òun, nítorí àwọn ilé ẹjọ́ kan ti ka òfin Ìsìláàmù mọ́ òfin ìbílẹ̀ rí. Ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òfin ń gba ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn mi lọ́wọ́ mi ni?” Mo ní òfin kò fipá mú un, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn. Ó lọ bá Alfa rẹ̀, ó sì padà wá sọ pé òun gbà, pé àyè ni ẹ̀sìn fi ìyàwó púpọ̀ ṣe, kì í ṣe dandan. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́ lójú mi. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣàlàyé èyí yékéyéké fún gbogbo Mùsùlùmí tó bá wá gba fọ́ọ̀mù, torí ohun tí a kò sọ fún ènìyàn, a kò lè ní ó yàn án.

A fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì lẹ ìkéde wa mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá wa kan ti dìde, tó ní òun yóò lọ kọ̀wé dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ nítorí ẹ̀sìn. Òótọ́ ni pé òfin fún ẹnikẹ́ni láyè láti tako ìkéde, tí ọ̀rọ̀ yóò sì dé ilé ẹjọ́ gíga. Mo lọ kí wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ka ohun tí òfin kà sí ìdènà fún wọn: ìbátan tó sún mọ́ra jù, ọjọ́ orí tí kò tó láìsí àṣẹ òbí, ìgbéyàwó tó ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀. Mo tún sọ fún wọn pé adájọ́ lè ní kí ẹni tó takò láìnídìí san owó ìtanràn fún àwọn tó dí lọ́wọ́. Inú wọn kò dùn, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìwé náà mọ́.

Àwọn òbí ọkọ fẹ́ kí yìgì so kí a tó dé kọ́ọ̀tù. Ẹ̀rù bà wá pé yóò ba ìwé jẹ́, àmọ́ ìbúra tí a ń ṣe níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tí a fẹ́ fẹ́ yìí. Nítorí náà a ṣe ìdána, wọ́n san sàdáàkì, yìgì sì so; Ìsìláàmù gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ obìnrin Kírísítẹ́nì. Kọ́ọ̀tù ló kẹ́yìn, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kí oṣù mẹ́ta tó pé lórí ìkéde, nítorí bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ṣe ni a óò tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló kù. Abala 38 ní ilé ìwé kò gbọdọ̀ fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sọ ti òbí wo ni a óò tẹ̀lé bí ẹ̀sìn wọn kò bá papọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ àdéhùn tiwọn sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ yóò mọ ẹ̀sìn méjèèjì nílé, àti pé lẹ́tà tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí nìkan ni ilé ìwé yóò gbà lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀.