Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ahoro Alámọ̀ àti Ilé Bíríkì Àtijọ́ ní Èkìtì

Ọ̀rọ̀ ìtàn ìlú ti gbóná ní Èkìtì báyìí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan fẹ́ mọ ibi tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí kí wọ́n tó ṣí dé ibi tí ìlú wà lónìí. Ìjọ mìíràn fẹ́ tún ilé bíríkì tí àwọn míṣọ́nnárì fi sílẹ̀ ṣe. Èrò tó dára ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó tí wọ́n fi ìnira dá jọ ni wọ́n ń fi ba ohun tí wọ́n fẹ́ dá sí jẹ́, ìgbà tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́ ni wọ́n tó ń ránṣẹ́ pè wá. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn àti àtúnṣe ògiri àtijọ́ ni mò ń ṣe. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń di ọkọ́ mú. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

1. Wíwalẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. "Kábíyèsí ti fọwọ́ sí i" kò tó. Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ àjọ náà. Ẹ gba ti Kábíyèsí, ẹ gba ti ẹbí tó ni ilẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé náà pẹ̀lú.

2. Ẹ má gbé katapílà wọ ahoro, ì báà ṣe pé igbó lásán lẹ fẹ́ fi ṣán.

3. Wíwá ẹrù dípò wíwo ilẹ̀. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ahoro wa níbí. Nígbà tí òrùlé bá ti wó, òjò á máa fọ ògiri sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkìtì. Àwọ̀ ògiri tó ṣì dúró nínú òkìtì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti amọ̀ tó wó bò ó. Ẹni tó bá ń fi ọkọ́ wá ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti idẹ yóò gé ògiri náà kọjá láìmọ̀, yóò sì wá sọ fún yín pé òun kò rí ilé kankan níbẹ̀. Tráwẹ̀ẹ̀lì ni kí ẹ fi máa họ ojú ilẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró wò ó bó ṣe ń gbẹ: ògiri àti amọ̀ tó wó kì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà ògiri á yọ síta fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó tún họ ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ yà á sórí ìwé. Ìpele ilẹ̀ tí ẹ bá ti kó kúrò kò ṣeé dá padà.

Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, wọ́n sì rí eegun ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ọdún 11,000. Èédú tó wà nítòsí eegun náà ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí yìí. Ká ní ẹnì kan ti fi ṣọ́bìrì kó o jáde ṣáájú wọn ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bóyá ti àná ni tàbí ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Síbẹ̀, èédú ni àwọn ọmọkùnrin tí ẹ ń gbà síṣẹ́ kọ́kọ́ ń dà nù.

4. Ẹ má fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fọ àpáàdì. Bí ẹ bá sì bá àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ilẹ̀ tí àwọn àgbà tẹ́ ni ẹ dé yẹn. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Peter Garlake hú u jáde níbẹ̀, ní ilẹ̀ Ọbàlára, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dànù sí gọ́tà, tí wọ́n ní pàǹtí ni.

Ó wá kan sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó lọ́wọ́, tó sì rí ògiri àtijọ́ tó ń ṣí, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń rà ni sìmẹ́ǹtì. Ó fẹ́ rẹ́ ẹ, kó dán, kó kùn ún, kí wọ́n wá yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ ìṣíde. Bẹ́ẹ̀ amọ̀ àti bíríkì àtijọ́ ń fa omi láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń tú u jáde láti ara wọn nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí wọ́n ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ wọ́n nìyẹn. Ìgbà tí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bo ara ògiri, ẹ fi aṣọ ọ̀rá wọ ẹni tó ń làágùn nìyẹn. Omi kò ríbi jáde mọ́, á wá máa gòkè sí i nínú ògiri. Iyọ̀ tó gbé lọ́wọ́ láti inú ilẹ̀, àti iyọ̀ tí sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ní, á máa dì sẹ́yìn ohun tí ẹ rẹ́. Bí iyọ̀ bá ń dì, ó ń wú. Bó bá ń wú, ó ń fọ́ ojú bíríkì sí ẹ̀tù. Ẹ̀yin tó wà níta ò ní rí nǹkan kan. Ògiri á máa dán títí ọjọ́ tí yóò wó.

Ìlú kan wà ní Èkìtì níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó ní ilé bíríkì kan tí àwọn baba wọn fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n fi igi sun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo sìmẹ́ǹtì." Ó ní, "Àbúrò, ilé bánkì tó wà lọ́nà Adó ńkọ́, ṣé amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ ni?" Wọ́n rẹ́ ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè, tinú tòde. Òjò ọdún kan lọ, ti ọdún kejì dé. Wọ́n pè mí. Mo fi ìka kan ògiri, ó ń dún kókókó bí ihò ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní pẹ̀lẹ́bẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ̀, ojú bíríkì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ipa ìka àwọn tó mọ bíríkì wà lára àwọn kan nínú wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bá sìmẹ́ǹtì lọ. Owó tí wọ́n ná sí i yẹn, mo mọ àwọn ìyá àgbà tó ta iṣu wọn kí wọ́n lè rí tiwọn dá níbẹ̀, ó sì ń dùn mí di báyìí.

Iyọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní Mohenjo-daro ní Pakistan, ìlú bíríkì tó ti lé ní ọdún 4,000, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú ní àwọn ọdún 1920, iyọ̀ tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé gòkè ló ń jẹ ògiri. UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1980, síbẹ̀ òjò ńlá oṣù kẹjọ ọdún 2022 ṣì ba àwọn ògiri kan jẹ́ níbẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi ń bo ògiri níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń tún un bò.

Ẹ̀yin náà, amọ̀ ni kí ẹ lò fún ògiri amọ̀. Ẹ wá a nítòsí ibẹ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ gé koríko gbígbẹ sí i, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn kí ẹ tó lò ó. Fún bíríkì sísun, láìmù (ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń rí lára òkúta ẹfun tí wọ́n sun, kì í ṣe èso) àti iyanrìn ni. Ohun tí ẹ bá fi ṣe àtúnṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ohun tí ẹ ń tún ṣe lọ, kó lè jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ ki bíríkì tuntun tó le koko bọ àárín ti àtijọ́. Bíríkì Ìrè-Èkìtì dára fún ilé tuntun, kì í ṣe fún èyí. Bẹ́ẹ̀ ni, amọ̀ á ṣí lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ ó sì tún un rẹ́. Àwọn ìyá wa ń rẹ́ ilé lọ́dọọdún, kò sẹ́ni tó pe iyẹn ní ìfowóṣòfò.

Àwọn tó kù, kí n yára kà wọ́n. Ẹ má fi ojú lásán sọ ọjọ́ orí bíríkì: gbogbo bíríkì sísun ní Nàìjíríà kọ́ ni ti òyìnbó. Wọ́n fi bíríkì sísun kọ́lé ní Birni Gazargamo, olú ìlú Borno àtijọ́ tí ọba wọn, Mai Ali Gaji, tẹ̀dó ní ọ̀rúndún 15. Ẹ má sì fi bíríkì tó já bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́, wọn á fi kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn tó ń ṣe ojú irin láti Lahore sí Multan, ní ibi tó ń jẹ́ Pakistan lónìí, kó bíríkì ìlú àtijọ́ Harappa lọ tẹ́ sábẹ́ irin, ohun tí wọ́n bàjẹ́ níbẹ̀ kò ní àtúnṣe.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni àwọn tó ń walẹ̀ lóṣù kejì, tí òjò oṣù kẹta bá ihò ní ìṣísílẹ̀. Wọ́n á ná gbogbo owó tán sórí wíwalẹ̀, kò ní ku kọ́bọ̀ fún bíbò. Ẹ má hú ju ibi tí agbára yín lè bò lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ tẹ́ àpò ṣaka tó ń jẹ́ kí omi kọjá, kí ẹ da yèpè tí ẹ ti sẹ́ padà lé e, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi má dúró níbẹ̀. Ẹ má lo ọ̀rá, ooru àti ewédò ni yóò kó sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí àlejò máa wò ó, páànù tó ga, tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú gọ́tà tó gbé omi jìnnà, ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó fi dígà kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti rẹ́ sìmẹ́ǹtì sí tiyín, ẹ má sáré gbé òòlù. Ẹ kọ́kọ́ la omi kúrò ní ìdí ògiri, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá lórí rẹ̀. Ibi tó bá ń dún bí ihò, ẹ rọra yọ ọ́ níwọ̀nba láti ìsàlẹ̀, kí ògiri lè máa rí ibi mí. Ibi tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ bíríkì pinpin, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi agbára fà á, ojú bíríkì ni yóò bá a wá.