Bí mo ṣe fi pick-up alábọ́dé fa ilé onítáyà

Tí ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ máa fi pick-up fa ilé onítáyà (caravan) rìnrìn àjò, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Kílò mélòó lọkọ̀ yín lè fà?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn tó ṣe pick-up alábọ́dé tèmi sọ pé ó lè fa 3,000 kílò. Ilé onítáyà wa kò sì ju 1,900 kílò lọ lẹ́yìn tá a ti kó gbogbo ẹrù sí i. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà méjèèjì máa ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò tíì bùṣe rárá. Ohun tó máa ń tètè kún lára pick-up alábọ́dé ni ìwọ̀n tó lè gbé sára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibẹ̀ ti máa kún kí ẹ tó sún mọ́ ìwọ̀n tó lè fà.

Torí náà, kí n tó so ohunkóhun, mo ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, mo ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara férémù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù ò gbọ́dọ̀ ju 550 kílò lọ. Ọrùn ilé onítáyà náà, ìyẹn irin iwájú rẹ̀ tá a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀, wà lára ẹrù yẹn, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbára lé. Ó sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa, láàárín 10% sí 15% ìwọ̀n ilé náà. Mo fi 13% ṣírò, ó fún mi ní 247 kílò. Ìkọ́ tó ń pín ìwúwo, tó ní ọ̀pá irin méjì lára, fúnra rẹ̀ jẹ́ 40 kílò. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa jẹ́ 195 kílò. Gbogbo rẹ̀ ti di 482. Ó ku 68 kílò péré! Jẹnẹrétọ̀ àti àpótí irinṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé sẹ́yìn pick-up jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni jẹnẹrétọ̀ bá dúró sílé.

Mi ò fi í mọ sórí bébà. Mo gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo kọ́kọ́ wọn pick-up nìkan pẹ̀lú gbogbo wa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo so ilé náà mọ́ ọn láìtíì di ọ̀pá ìkọ́, mo sì tún wọn pick-up láìjẹ́ kí táyà ilé náà gun òṣùwọ̀n. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ síra ni ìwúwo ọrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fo òṣùwọ̀n o. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ilé onítáyà nígbà tó ṣófo kì í ka aṣọ yín, ìkòkò yín àti omi yín mọ́ ọn.

Omi gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́ jù. Lítà kan, kílò kan. Táǹkì 100 lítà tó bá kún ti fi 100 kílò kún un, tó bá sì wà lẹ́yìn táyà ilé náà, ṣe ló máa gbé ọrùn sókè. A kúkú da omi inú rẹ̀ nù, ká lè pọn omi tá a bá débẹ̀. Àwọn nǹkan tó wúwo, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la kó wọn sí, níwájú táyà díẹ̀. Ilé tí ìdí rẹ̀ bá wúwo ju ọrùn lọ ló máa ń fì sọ́tùn-ún sósì lójú títì.

Nígbà tó kan síso, mo fi téèpù wọn gíga ibi tí ara ọkọ̀ ti yí táyà iwájú po: 88 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tí ọrùn ilé náà jókòó sórí bọ́ọ̀lù ìkọ́, iwájú lọ sókè di 91. Ìyẹn ni pé táyà iwájú, tó ń bá wa yí ọkọ̀, ti fúyẹ́. Mo wá di ọ̀pá irin méjì tó wà lára ìkọ́ náà títí iwájú fi padà sí 89, mo sì fi í síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé wa pé ọ̀pá yìí ò fi kún ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Ó kàn ń pín ìwúwo náà káàkiri táyà ni.

Lẹ́yìn tí mo ti pa ìkọ́ dé, mo fi jáàkì ọrùn gbé e sókè díẹ̀. Ìdí pick-up tẹ̀ lé e sókè, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti dì mọ́ bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Ṣéènì méjèèjì, mo gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́ ọrùn, kí wọ́n lè gbé e tó bá já. Okùn kékeré tó ń fa bíréèkì pàjáwìrì, ara ọkọ̀ ni mo so ó mọ́, kì í ṣe ara ṣéènì. Lẹ́yìn náà ni mo yẹ wáyà, iná, tíráfíkétọ̀, atẹ́gùn táyà àti nọ́ọ̀tì táyà wò.

Pápá gbalasa kan ni mo ti ṣètò ẹ̀rọ tó ń darí bíréèkì ilé náà. Mo ń rìn bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan, mo ń tẹ bíréèkì, mo sì ń fi kún agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà ilé náà fi fẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Mo wá dín in kù díẹ̀.

Lójú títì, mi ò kọjá 90. Ọ̀pọ̀ táyà irú ilé yìí, 105 ni òpin eré wọn, ìdúró sì máa ń gba àyè gan-an. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan yà wá sílẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ kọ́kọ́ tì wá, ó tún wá fà wá, ni ìdí ilé náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, mo di sítíárìn mú gbọn-in láìyí i, mo wá fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ kékeré yẹn kí bíréèkì ilé náà nìkan lè mú un. Ó tò. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ nírú àkókò yẹn tàbí tó bá ń yí sítíárìn kiri lè mú kó burú sí i.

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti fi jíà sísàlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí bíréèkì má bàa gbóná débi tí kò ní mú mọ́. Epo tí a jó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, torí iwájú ilé náà fẹ̀, atẹ́gùn sì ń kọlù ú.

Rìfáàsì gba sùúrù. Ìsàlẹ̀ sítíárìn ni mo gbé ọwọ́ sí: tí ọwọ́ bá lọ sósì, ìdí ilé náà á lọ sósì. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn, ó ń júwe. Àdéhùn wa ni pé tí mi ò bá ti rí i nínú díńgí, mo dúró nìyẹn.

Nígbà tá a dúró síbi tó wù wá, mo ti fi ìdínà há gbogbo táyà ilé náà kí n tó fọwọ́ kan ìkọ́. Bíréèkì tó ń gba iná lára ọkọ̀ kì í dá ilé dúró mọ́ tí wọ́n bá ti yọ wáyà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀.