Bẹ́ ẹ ṣe lè wá fíìmù gay àti lesbian àtijọ́ rí, kẹ́ ẹ sì fi han èèyàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ fẹ́ kó èèyàn jọ wo irú fíìmù yìí, ẹ má tíì háyà gbọ̀ngàn o. Fíìmù gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí púpọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé tàbí kó ti sọnù.

Ẹ wo Anders als die Andern tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1919, ìtàn olórin kan tó fẹ́ràn ọkùnrin tí alọ́nilọ́wọ́gbà wá ń yọ lẹ́nu torí òfin Paragraph 175, ìyẹn òfin Jámánì tó ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ọ̀ràn. Magnus Hirschfeld, dókítà tó ń ṣèwádìí nípa ìbálòpọ̀, fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ní 1920 wọ́n fòfin dè é, àfi dókítà àtàwọn onímọ̀ nìkan ló lè wò ó, nígbà tó di 1933 àwọn Nazi ya wọ ibi tí Hirschfeld ti ń ṣèwádìí ní Berlin, wọ́n sun ìwé ẹ̀. Èyí tá à ń rí wò lónìí, torí pé Hirschfeld ti gé lára ẹ̀ mọ́ fíìmù míì ní 1927 ni. Nítorí náà, agolo fíìmù tí wọ́n kọ orúkọ míì sí lára, ẹ ṣí i wò. Ẹ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo orí àjà wọn.

Tí fíìmù bá ń rùn bíi fínígà, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù tó sì gbẹ. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kù láyé, ẹ má fi sí projẹ́kítọ̀ láé! BFI National Archive, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kẹ́ ẹ kàn sí. Ẹ sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn àgbà tó ti jẹ́ gay tàbí lesbian láyé àtijọ́. Ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ síwájú wọn, ẹ tan fóònù sí rìkọ́ọ̀dù tí wọ́n bá gbà, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló dúró tì yín yìí, ibo lẹ ti ń jó. Àmọ́ orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti gbà, ẹ má gbé e jáde, ó lè láwọn ọmọ tí kò mọ̀.

Tí Yorùbá bá pọ̀ láàárín èrò, ẹ fi fọ́tò tí Rotimi Fani-Kayode, ayafọ́tò tó jẹ́ gay, yà ṣáájú, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1955, tó kú sí London ní 1989. Ó wà lára àwọn tó dá Autograph, ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú ní London, sílẹ̀ ní 1988, ẹ kàn sí wọn fún ìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya fọ́tò èrò o. Òfin Nàìjíríà ti 2014 lè rán èèyàn lẹ́wọ̀n ọdún 10 torí ẹgbẹ́ gay lásán, ẹlòmíì nínú yín sì ń padà lọ sílé ní Kérésì.

Ẹ fi bébà àti bíírò sórí àga kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá dá ojú tàbí ilé kan mọ̀ nínú fíìmù á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó wá kó o fún àwọn tó ń tọ́jú fíìmù náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.