Awò ojú tó ń dúdú fúnra rẹ̀, àti bó ṣe kọ̀ tí kò dúdú nínú ọkọ̀ mi

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń kúrò nílé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, nítorí ẹja. Ìyàwó mi ló ń ta ẹja inú yìnyín. Èmi ni mo ń wa ọkọ̀ lọ kó páálí wá láti Kútọnu. Òkùnkùn ni mo fi ń lọ. Àmọ́ tí mo bá ń bọ̀ ní bí aago méje, oòrùn á ti dúró síwájú mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè, kò ní í yà títí màá fi dé oríta Sẹ̀mẹ̀. Tí mo bá wá yà sápá òsì, tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ọ̀sà á gba iṣẹ́ náà ṣe: lórí afárá tá a fi ń wọ Àjàṣẹ́, omi á máa kọ mànà bíi páànù tuntun.

Lọ́jọ́ kan, mi ò rí sẹ́míjàn (ọ̀kadà) kan tó wà níwájú mi àfi ìgbà tí obìnrin tó gbé sẹ́yìn figbe ta. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé ọ̀rọ̀ awò kì í ṣe fáàrí mọ́.

Mo ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, dúdú bíi kóró iṣin. Ṣùgbọ́n ta ló máa wọ irú ẹ̀ ní ìdájí? Tí mo bá sì gbé e sílẹ̀, páálí á gorí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ awò tó ń dúdú lójú oòrùn, tó sì ń mọ́ padà nínú òjìji, fi wọ̀ mí lára. “Photochromique” ni wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀. Mo tún ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wá rò ó pé ọ̀kan ṣoṣo á ṣe méjèèjì.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń pàtẹ awò lẹ́bàá ọjà ni mo ti ra àkọ́kọ́, 4,000 fáráǹkì. Ó gbé e kúrò lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, kí n sì tó ka ogún, ó ti ṣú. Mo sanwó. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, oòrùn kojú mi, awò wà lójú mi, ó mọ́ kedere bí omi àmù! Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀ láti wo táyà, ló bá ṣú. Mo padà wọnú ọkọ̀, ó tún mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo lọ bá bàbá náà. “Bàbá, ayédèrú lẹ tà fún mi.” Kò bá mi jà. Ó gba awò náà, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, ó nà án sí oòrùn fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì gbé àtàǹpàkò kúrò. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà mọ́ bí ojú òṣùpá, gbogbo ìyókù ṣú. “Ọmọ mi, awò mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bi ọkọ̀ yín.” Àwọn tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé òun gan-an mọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọbìnrin kan nílé ìtajà awò ojú nígboro ló tú u fún mi. Ó ní kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tójú wa ń rí ló ń jí àwọ̀ inú awò náà sílẹ̀, ìtànṣán oòrùn tí a kì í rí ni, UV. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í sì í ṣe ẹyọ kan: gíláàsì méjì ni, wọ́n fi ike kan lẹ̀ wọ́n pọ̀ láàárín. Àti gíláàsì àti ike yẹn ń dènà UV, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ń kọjá. Oòrùn ń wọlé wá gún mi lójú, àmọ́ ẹni tó yẹ kó jí awò mi sílẹ̀ ti kù síta.

Ó ní irú kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lásán náà ń sọ dúdú, tó sì máa ń ṣú díẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo bi í bóyá ooru ń dí i lọ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ẹ̀ ṣe ń yára ṣí padà, kì í ṣú tó bó ṣe yẹ. Mo ro bí inú ọkọ̀ mi ṣe ń gbóná lóṣù Ẹrẹ́nà, mo ro iye tó pè é, mo ní kó gbé e padà.

Ó wá ní kí n mú awò kóró iṣin mi wá. Ó gbé iná UV kékeré tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ó tàn án sórí 10,000 fáráǹkì, àwọn àmì tó fara pamọ́ tàn yòò. Ó fi awò náà sáàárín, wọ́n ṣì ń tàn. Ó fi ọ̀kan lára tirẹ̀ sáàárín, wọ́n kú pátápátá. Èyí ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ọmọlójú máa ń la ara ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ṣókùnkùn. Mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún UV láti ọdún yìí wá.

Nọ́ńbà tó wà lára apá awò ni kí ẹ wò, látorí 0 dé 4. Nínú 100 ìmọ́lẹ̀, ti 3 ń jẹ́ kí 8 sí 18 kọjá. Ti 4 ń jẹ́ kí 3 sí 8 kọjá, wọn kì í fi wakọ̀ rárá. Lóru, èyí tí kò bá jẹ́ kí ó kéré tán 75 kọjá kò dáa fún awakọ̀. Awò bàbá yẹn, 1 ló ti bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé nígbà tí mo rò pé ó mọ́, ó ṣì ń jí ìmọ́lẹ̀ lọ lójú mi ní ìdájí.

Ohun tí mo rà nìyí. Fún ọkọ̀, awò dúdú lásán tí kì í yí padà, nọ́ńbà 3, UV 400 (ìyẹn ni pé ó ń dènà UV), “polarisé”. Ẹ rí i pé ohun tí mo ń sá fún ni mo tún rà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára ohun tó tẹ́jú, ìbú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ sí. Awò yìí dà bí ọgbà onígi òòró, kì í jẹ́ kó kọjá. Lórí afárá, ọ̀sà kò kọ mànà mọ́, mo ń rí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó wà lórí ẹ̀. Àbùkù ẹ̀: tí mo bá dábùú fóònù, ojú ẹ̀ lè ṣókùnkùn, gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn sì ń ní tótòtó bí awọ àmọ̀tẹ́kùn. Mo so àpò ẹ̀ mọ́ ibi tí páálí kò lè dé.

Fún kẹ̀kẹ́, photochromique, 0 sí 3, ike polycarbonate tí òkúta kì í tètè fọ́. Nígbà tí mo délé, mo gbé apá kan rẹ̀ lé yìnyín ẹja, mo sì gbé gbogbo ẹ̀ sí oòrùn. Apá tó tutù ṣú ju ìkejì lọ, kedere! Ìyàwó mi ní ẹja lòun ń tà, òun kì í ta awò.

Lójú ọ̀nà Àjàrá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí gíláàsì tó dí i lọ́wọ́. Àfi tí mo bá já wọ abẹ́ igi ọ̀pẹ lójijì: kíákíá ló ń ṣú, àmọ́ ó ń tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mọ́ padà. Kòtò kan ló kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Báyìí, mo ń tẹ bíréèkì kí n tó wọ òjìji.

Awò 4,000 yẹn ṣì wà. Ìyàwó mi ló ń lò ó nídìí páálí, níbi tí gíláàsì kankan kò ti sí láàárín òun àti oòrùn. Tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ wo ìjàgbọ̀n ẹja, á bọ́ ọ, á sì gbé e lé orí mi.